Ta Ni Ó Ni Ìkógun? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ìṣúra Àgbómẹ̀

Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá balẹ̀ sí Kútọnu, àwọn ènìyàn sì tò sí ẹ̀bá ọ̀nà láti pàdé ẹrù tí ó gbé wá. Kì í ṣe wúrà ni ẹrù náà, kì í sì í ṣe ohun ìjà. Ère igi mẹ́ta ni, tí ó dúró fún ọba Dàhòmì mẹ́ta, ilẹ̀kùn ààfin mẹ́rin, àwọn ìtẹ́ ọba, ọ̀pá àṣẹ, igbá fífín, àwọn irin tí wọ́n ń pè ní asen, tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí àwọn baba ńlá, àti àwọn ohun kékeré tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ojú ìṣúra wò, irú bí òfì ìhunṣọ, ìrànwú, àti ṣòkòtò ọmọ-ogun kan. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ 26. Ó di ọdún 129 tí ogun ti kó wọn lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ìtẹ́ náà ni ó mú mi kọ àròkọ yìí. Láti Cana, ìlú àwọn ọba tí kò jìnnà sí Àgbómẹ̀, ni ó ti wá. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni agbẹ́gilére pín in sí. Lókè, ọba wà lábẹ́ agboòrùn, àwọn aya rẹ̀ yí i ká. Nísàlẹ̀, àwọn òǹdè tò tẹ̀lé ara wọn, a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n mọ́ra. Mo rí ìtẹ́ yìí ní Paris nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun. Ọba ni ojú mi kọ́kọ́ lọ sí, bí agbẹ́gilére ti fẹ́ kí ó rí. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo sì ń wo àwọn ti ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo ń wá. Ilà ojú ni mo ń wá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Kétu ni wọ́n, tàbí Ẹ̀gbá, tàbí Mahi. Igi náà kò dá mi lóhùn.

Nígbà tí ìròyìn dé pé ìtẹ́ náà ti padà sílé, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń yọ̀ ni ìbéèrè kan ń rọ́ mi lápá. Ilé ta ni ó padà sí?

Mo mọ̀ pé bí a bá dárúkọ ìṣúra tí a kó lójú ogun, Bìní ni ọkàn ọ̀pọ̀ òǹkàwé ìwé yìí yóò kọ́kọ́ lọ, níbi tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin ní oṣù kejì ọdún 1897. A kò tí ì gbàgbé FESTAC 1977, nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀bẹ̀ fún ojú Ìdíà tí a fi eyín erin gbẹ́, tí Lọ́ńdọ̀nù kò sì yọ̀ǹda rẹ̀. A sì ti rí i bí Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá tirẹ̀ padà ní 2022. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bìní rọrùn fún Yorùbá láti dájọ́. Ìtàn so Bìní mọ́ Ifẹ̀ nípasẹ̀ Ọ̀rànmíyàn. Ìbátan wa ni wọ́n, kò sì sí ẹni tí í bá ìbátan rẹ̀ du ohun tí olè jí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Dàhòmì ni ó le. Nígbà tí olóhun bá jẹ́ ẹni tí ó ti kó ilé baba wa rí, nígbà náà ni a ó mọ̀ bóyá òdodo ni a dì mú tàbí ojúsàájú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn nǹkan náà ṣe kúrò nílé. Glele, ọba Dàhòmì, wàjà ní ìparí ọdún 1889, ọmọ rẹ̀ Behanzin sì gorí ìtẹ́ ní àkókò tí àwọn Faransé ti ń du Kútọnu mọ́ ọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti fi Tofa, ọba Àjàṣẹ́, sábẹ́ ààbò wọn. Ìjà ti wà ní 1890. Èyí tí ó parí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1892. Alfred Amédée Dodds ni olórí ogun Faransé. Ìlú Saint-Louis ní ilẹ̀ Senegal ni a ti bí i, ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú sì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e lọ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n gba ipa odò Ouémé gòkè. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ-ogun Behanzin kọlù wọ́n ní àfẹ̀mọ́jú ní Dogba. Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n jà léraléra títí wọ́n fi gba Cana. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, wọ́n wọ Àgbómẹ̀. Behanzin ti fi iná sí ààfin kí ó tó sá lọ sí apá àríwá. Nítorí náà, ohun tí iná ṣẹ́kù ni àwọn ọmọ-ogun kó.

A lè ka Behanzin alára mọ́ ìkógun. Ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1894, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Martinique ní ìhà kejì òkun, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e wá sí Algeria, níbi tí ó kú sí ní 1906. Ọdún 1928 ni a tó gbé egungun rẹ̀ padà sí Dàhòmì. Òkú ọba fi ọdún 93 ṣáájú ère ara rẹ̀ dé ilé.

Dodds kó àwọn ìṣúra náà fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Trocadéro ní Paris, ní 1893 àti ní 1895, àwọn akọ̀wé ibẹ̀ sì kọ wọ́n sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú èdè tiwa, ìyàtọ̀ wà láàrin ẹ̀bùn, ìsìn, ìkógun àti olè, kò sì sí ọmọdé tí yóò fi ọ̀kan pe èkejì. Ẹ̀bùn ni ohun tí olóhun fi tọkàntọkàn fún ni. Ìsìn ni ohun tí ẹni tí a ṣẹ́gun ń san lọ́dọọdún kí a má baà tún ṣẹ́gun rẹ̀. Ìkógun ni ohun tí a fi ipá gbà lọ́jọ́ ìjà. Nígbà tí Dodds gbé ìtẹ́ náà sílẹ̀ ní Paris, ẹ̀bùn ni láàrin òun àti Trocadéro, ìkógun ni láàrin òun àti Àgbómẹ̀. Ọ̀rọ̀ kìíní nìkan ni ìwé gbà, ó sì fi bo èkejì mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà a máa bèèrè pé olè tí ó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n. Àwọn ará Paris rí ibi tí wọ́n ti ń fọn ọ́n: inú àpótí dígí, ní gbangba, wọ́n sì ń gba owó ìwọlé.

Nípa àwọn àtakò tí òfin ilẹ̀ Faransé gbé dìde, èmi kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìjọba Olómìnira Benin bèèrè fún àwọn ohun rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2016. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Faransé dáhùn pé ohun tí ó bá ti wọ inú ìṣúra ìjọba kò ṣe é yọ jáde mọ́. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Ààrẹ Macron dúró ní Ouagadougou, ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2017, tí ó sì sọ pé òun fẹ́ kí àyè ṣí sílẹ̀ láàrin ọdún márùn-ún fún dídá àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà padà. Felwine Sarr àti Bénédicte Savoy ṣe ìwádìí, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde ní 2018; nínú rẹ̀ ni a ti kà pé ohun tí ó tó 70,000 láti Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó wà ní ilé Quai Branly nìkan. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2020, ilé aṣòfin Faransé ṣe òfin fún 26 yìí. Ẹ wò ó bí òfin tí kò ṣe é yí padà ti yí padà nígbà tí àwọn tí ó ṣe é fẹ́ kí ó yí. Àwọn tí wọ́n sì ń sọ pé a kò mọ ohun tọ́jú nílé, ó yẹ kí wọ́n rántí pé ohun tí a kó ní 1892, ọwọ́ ará ilé ni ó ti wà láìbàjẹ́ kí àlejò tó rí i kó.

Àtakò tí ó jẹ mí lọ́kàn ni èyí tí n kò gbọ́ ní Paris rárá. Láàrin àwọn ọmọ Yorùbá ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní: ọba Dàhòmì wo ni ẹ ń ṣàánú? Ṣé Ghezo, tí ó kó ogun wá sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851? Ṣé Glele, tí ó tún kó o wá ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1864? Ní Àgbómẹ̀, títí di òní, ìtẹ́ Ghezo kan wà tí ó dúró lórí agbárí ènìyàn mẹ́rin, àwọn ọ̀tá tí ó ṣẹ́gun. Àwọn tí ó ń kó ènìyàn tà sí òkè òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ni ó kù fún wọn láti sunkún lórí ère?

Ọ̀rọ̀ yìí ní agbára, pàápàá fún ẹni tí ó bá mọ ìtàn Kétu. Odi Kétu àti yàrà rẹ̀ ni ó gba ìlú náà là fún ìgbà pípẹ́, ẹnu ọ̀nà Akaba Ìdẹ́nà sì jẹ́ ohun tí àwọn àlejò ń yà wò. Ní 1883, àwọn ọmọ-ogun Glele wọ ìlú nígbà tí àwọn jagunjagun Kétu kò sí nílé. Alákétu Òjékú kú nínú ìjà náà. Ní 1886 wọ́n tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò sáré: wọ́n dó ti ìlú títí ebi fi ṣe ohun tí ìbọn kò lè ṣe. Nígbà tí Kétu ṣubú, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ìlú lọ sí Àgbómẹ̀ ní òǹdè. Ìlú tí ó ti wà láti ayébáyé dahoro, kò ní ọba, kò ní ọjà. Bí ẹni tí ó gbẹ́ ìtẹ́ Cana bá fẹ́ rí òǹdè tí yóò fi ṣe àwòrán, kò ní láti rìn jìnnà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Bí a bá sọ pé ẹni tí ó ti kó ẹlòmíràn rí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tirẹ̀ tí a kó, ilé ta ni ọ̀rọ̀ náà kò ní kàn? Ọ̀yọ́ ti gba ìsìn lọ́wọ́ Dàhòmì fún nǹkan bí ọdún 90 kí Ghezo tó kọ̀ láti san án mọ́. Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, ẹrù ilé àwọn ará Ìjàyè kò sì bá wọn lọ sí ibi tí wọ́n sá lọ. Ìtàn Ẹ̀gbá alára sọ pé ní 1844, nígbà tí Ghezo wà nítòsí Adó, àwọn Ẹ̀gbá yọ sí i lójijì, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n mú un, wọ́n sì gba agboòrùn rẹ̀ àti àpótí tí ó ń jókòó lé. Ìtìjú yìí wà lára ohun tí ó gbé e wá sí ẹsẹ̀ odi Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún méje. Bí agboòrùn náà bá jáde láti inú àjà ilé kan lọ́la, èmi kò ní lè sọ fún Paris pé kí ó dá tirẹ̀ padà, kí n sì sọ fún Ẹ̀gbá pé kí wọ́n pa tiwọn mọ́. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yìí kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi kan nínú.

Ohun mìíràn tún wà. Ìkógun Dodds kì í ṣe ẹ̀san fún Kétu. Lẹ́yìn tí Àgbómẹ̀ ṣubú, àwọn òǹdè Kétu tí ó wà níbẹ̀ rí ààyè padà sílé. Wọ́n tún ìlú wọn kọ́, wọ́n sì fi Alákétu mìíràn jẹ. Ìyẹn jẹ́ ire, a kò gbọdọ̀ sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi rìn lọ sí Kétu, ọkọ̀ òkun ni ìtẹ́ sì wọ̀ lọ sí Paris. Kò sí ẹni tí ó gbé ìtẹ́ náà wá fi han Kétu pé: ẹ wò ó, ẹ̀yin ni a yà síhìn-ín. Faransé kò gba ohun náà nítorí àwọn tí Dàhòmì jẹ ní gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni kò fi pa mọ́ dè wọ́n. Ẹni tí ó gba ẹrù lọ́wọ́ olè kò ti ipa bẹ́ẹ̀ di olóhun; bí kò bá rí olóhun àkọ́kọ́, kì í ṣe pé kí ó máa lò ó.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ó yẹ kí wọ́n dá a padà, èmi kò sì fi àdéhùn kankan sí i. Àmọ́ ìbéèrè ilé ta ni ṣì wà níbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wo àwòrán ilẹ̀. Nínú orílẹ̀-èdè kan náà ni Àgbómẹ̀ àti Kétu wà lónìí. Bí àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fa ààlà, Kétu bọ́ sí ìhà Dàhòmì, ó sì wà nínú Olómìnira Benin títí di báyìí. Ìjọba ni Faransé dá àwọn ìṣúra náà padà fún, kì í ṣe ààfin. Ìjọba náà sì jẹ́ ti ọmọ ẹni tí ó jókòó lókè ìtẹ́ àti ti ọmọ àwọn tí a dè nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìtẹ́ Cana padà sí ilé àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì ni a ti ń bi léèrè. Nígbà tí a ṣí ìpàtẹ àwọn ìṣúra náà ní Kútọnu ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2022, ògo àwọn ọba ni ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀. Mati Diop fi ìpadàbọ̀ náà ṣe fíìmù kan tí ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní Berlin ní 2024. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Abomey-Calavi ti ń jiyàn. Ẹnìkan dúpẹ́, ẹlòmíràn ní ìwọ̀sí ni kí a fún ni ní 26 nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà bá lè jiyàn báyìí lórí ìtàn tiwọn, iṣẹ́ olùkọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tí mo fẹ́ fi kún ìjiyàn wọn ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ìtẹ́. Àwọn tí ó lè ròyìn wọn ṣì wà. Ní Kétu, àwọn ìdílé mọ ẹni tí a kó lọ nílé wọn ní 1886. Ní ìlú Salvador ní Bahia, ilé òrìṣà kan wà tí ń jẹ́ Alákétu. Ìtàn ẹnu ilé náà sọ pé ọmọbìnrin ìdílé ọba Kétu kan, tí àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì jí gbé ní kékeré ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni ó dá a sílẹ̀. Bí àwọn tí ń ṣọ́ ìtẹ́ Cana bá ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ àlàyé tí wọn yóò gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé sí Kétu àti sí Bahia. Ẹ̀ka tiwa nínú iṣẹ́ náà ni pé kí a lọ gba ìtàn Kétu sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà nísinsin yìí, nítorí ààlà tí òyìnbó fà ti mú kí àwa tí ń kọ́ ìtàn ní ìhà Nàìjíríà máa ṣe bí ẹni pé Kétu kò sí nínú ilé ẹ̀kọ́ wa.

Ọ̀kan ṣẹ́kù ní Paris tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ. Ère irin ni, ó ga tó ènìyàn, Gu ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí àwa ń pè ní Ògún. Ọ̀gá ọmọ-ogun Faransé kan tí ń jẹ́ Fonssagrives ni ó gbé e láti Ouidah, ó sì dé Trocadéro ní 1894. Kò sí nínú 26 náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Benin ń bèèrè rẹ̀. Ní 2025, ilẹ̀ Finland dá àpótí ìjókòó kan padà, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí Dodds kó, tí ó ti Paris dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1939. Ṣùgbọ́n Gu kò tí ì kúrò níbi tí ó wà. Akati Ekplékéndo ni orúkọ alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́, àwọn olùwádìí sì sọ pé ará Doumè ni, ìlú tí Glele kó ní 1860, àti pé láàrin àwọn tí a kó lẹ́rú níbẹ̀ ni òun náà ti dé Àgbómẹ̀. Irin tí a ti lò rí ni ó rọ ère náà láti ara rẹ̀, ó sì fi idà lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Gu bá dé Kútọnu, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan ránṣẹ́ sí Doumè kí wọ́n tó tú u kúrò nínú àpótí.